Dàírẹ́kítọ̀ Tí Bọ́ọ̀lù Rẹ̀ Kì Í Jáde

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbọ́ nípa ọkùnrin yìí, ẹ jókòó dáadáa, nítorí kí a tó pe orúkọ rẹ̀ tán, ẹni tó ń mu gàrí á ti fọ abọ́. Òun ni Olóyè Adékẹ́mi Adéríbigbé, Dàírẹ́kítọ̀ Eré Ìdárayá fún àwọn ilé-ìwé girama agbègbè wa, Baba Ìsàlẹ̀ Àwọn Eléré Sísá, Amúlùúdùn Pápá, Ògbóǹtarìgì nínú Bọ́ọ̀lù Tó Ní Àwọ̀n àti Èyí Tí Kò Ní. Orí páálí ni wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sí fún ẹni tí yóò pè é níbi ayẹyẹ. Bí ẹni náà bá fo ẹyọ kan péré, Olóyè kò ní dìde lórí àga. Wọ́n á tún un pè láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni o. Kò jalè, kò na ọmọ ọlọ́mọ, bó bá sì pàdé rẹ lọ́nà, yóò béèrè àlàáfíà ìyá rẹ. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: ó gba ara rẹ̀ gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tó yí i ká ló sì ń fún àìsàn náà lóúnjẹ láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ẹnì kan wà nínú wọn tó mọ òótọ́ ju gbogbo wọn lọ. Fúnlọ́lá ni orúkọ rẹ̀, tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní tẹ́níìsì ní Ilé-ìwé Girama Ọ̀nà-Àrà ní Pápá Àjàó. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ó gba yàrá kan sí Yaba, Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá sí Èkó. Nígbà tó wà ní yunifásítì, ó gba ife-ẹ̀yẹ tẹ́níìsì lẹ́ẹ̀mejì. Síbẹ̀, láti ọdún kan ààbọ̀ tó ti ń bá Olóyè gbá tẹ́níìsì ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, kò borí rẹ̀ rí.

Báwo ni èyí ṣe bẹ̀rẹ̀? Ọjọ́ tí wọ́n ṣe pápá tẹ́níìsì náà tán, lórí ilẹ̀ tí àwọn tíṣà ń gbé mọ́tò sí tẹ́lẹ̀, Olóyè ló wá ṣí i. Wọ́n gbé rákẹ́ẹ̀tì fún un pé kó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní sáàfù. Olóyè ju bọ́ọ̀lù sókè, ó gbá a tagbáratagbára. Bọ́ọ̀lù fo àwọ̀n, ó fo pápá, ó fo ògiri ilé-ìwé, ó sì lọ balẹ̀ sórí mọ́tò kan tí àwọn páńẹ́ẹ̀lì-bítà ń tún ṣe lẹ́yìn ọgbà. Gbogbo ayé gbọ́ ọ: gbàà! Kẹ́kẹ́ pa mọ́ gbogbo èèyàn lẹ́nu. Ìgbà náà ni Ọ̀gbẹ́ni Benjamin, tó jẹ́ Pírínsípà ilé-ìwé náà, bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

"Agbára rèé!" ló ń kígbe. "Ó wọlé! Ó wọlé, sà!"

Ta ni yóò dìde sọ fún Pírínsípà pé orí mọ́tò ẹlẹ́mọ́tò kì í ṣe ara pápá? Àwọn tíṣà pàtẹ́wọ́, àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Fúnlọ́lá náà pàtẹ́wọ́, nítorí ọ̀sẹ̀ kejì tó débi iṣẹ́ nìyẹn, wọ́n sì ti kọ́ ọ nílé pé a kì í já àgbà níyàn ní gbangba. Láti ọjọ́ náà ni bọ́ọ̀lù Olóyè kò ti jáde mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò gbá tẹ́níìsì rí, kò le. Bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ fo àwọ̀n, kó sì balẹ̀ sáàárín àwọn ìlà funfun. Bó bá balẹ̀ sẹ́yìn ìlà, ó ti jáde, ẹnì kejì ló jẹ àmì. Bí o bá sì gbá a síbi tí ọwọ́ ẹnì kejì kò ní tó, ìwọ lo jẹ. Bí wọ́n ṣe ń gbá a nìyẹn ní gbogbo ayé, àfi ní Pápá Àjàó ní Ọjọ́bọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, Fúnlọ́lá á rọra gbé bọ́ọ̀lù sí iwájú ikùn Olóyè, bí ẹni ń gbé àwo oúnjẹ ka iwájú àlejò. Olóyè á gbá a lọ bá ògiri. Fúnlọ́lá á ká ọwọ́ lérí: "Ó wọlé, sà! Háà, ẹ ti pa mí!" Nígbà mìíràn bọ́ọ̀lù á máa yí bọ̀ jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀, tí ọmọ ọwọ́ lè mú un, Fúnlọ́lá á sì ní láti dọ́gbọ́n ṣubú kó má baà bá a. Ìṣubú yẹn le ju tẹ́níìsì lọ. Eékún rẹ̀ bó lẹ́ẹ̀mẹta.

Pírínsípà Benjamin á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà pẹ̀lú tówẹ̀lì àti omi tútù. Ọ̀gbẹ́ni Abdulmuiz tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ni wọ́n fi ṣe aka-àmì. Tíṣà ìṣirò o! Ìṣirò tó máa ń ṣe ní Ọjọ́bọ̀, bí ọmọ kan bá ṣe é nínú ìdánwò, òdo ni yóò fún un.

Bí ọ̀rọ̀ ì bá ti mọ síbẹ̀, kì bá tí pa nǹkan kan lára ju eékún Fúnlọ́lá lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ fún èèyàn lọ́jọ́ gbogbo fún ọdún kan ààbọ̀ pé ó mọ nǹkan ṣe, yóò fẹ́ kọ́ ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ Ajé kan, Olóyè pe gbogbo ọmọ tó ń kọ́ tẹ́níìsì jọ sí etí pápá, ó fi rákẹ́ẹ̀tì sábẹ́ apá, ó wú ikọ́.

"Ẹ̀yin ewé tútù ilé-ìwé yìí! Ẹ̀yin ọ̀la tí òní gbé pọ̀n! Mo ti wo eré tẹ́níìsì láti òkè délẹ̀, mo sì ti rí ibi tó kù sí. Àwọn òyìnbó tó dá a sílẹ̀ kò ní ẹ̀kọ́ ilé!"

"Wọn ò ní in, sà!" ni Pírínsípà dáhùn.

"Èèyàn á kàn dìde fùú, á la bọ́ọ̀lù mọ́ ọmọlàkejì rẹ̀, láìkí i, láìbéèrè bó jí dáadáa! Ṣé ìwà ọmọlúàbí nìyẹn?"

"Rárá o!"

Nítorí náà, Olóyè ti ṣe àtúnṣe. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó bá fẹ́ gbá sáàfù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kúnlẹ̀ bó bá jẹ́ obìnrin, kó tẹrí ba bó bá jẹ́ ọkùnrin, kó sì wí pé, "Mo fẹ́ gbá a o." Kò gbọdọ̀ gbá a àfi bí ẹnì kejì bá fèsì pé, "Máa gbá a bọ̀." Bí wọ́n bá sì ti ń gbá a lọ gbá a bọ̀, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ gbá a jìnnà sí ẹnì kejì. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó ni kó gbé e sí. Olóyè ní ta ló máa ń ju nǹkan sí àlejò lẹ́yìn odi?

Àwọn ọmọ wo Fúnlọ́lá. Fúnlọ́lá wo bàtà kánfáàsì rẹ̀.

Olóyè wá ní kí wọ́n gbá díẹ̀ kí òun rí i. Ẹni tó kàn ni Lateefah. Ọmọ SS2 ni, bàbá rẹ̀ wà lára àwọn páńẹ́ẹ̀lì-bítà ẹ̀yìn ọgbà, kò sì sí ọmọ tó ń gbá sáàfù bíi tirẹ̀ láti Pápá Àjàó títí dé Ìlúpéjú. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni Fúnlọ́lá fi kọ́ ọ: ju bọ́ọ̀lù sókè kó ga, má lé e, dúró dè é, òkè téńté ni kí o ti bá a. Fúnlọ́lá á to ìdérí ìgò mínírà sórí ìlà, nínú bọ́ọ̀lù mẹ́wàá, Lateefah á fi méje gbá ìdérí dànù. Ọwọ́ òsì ló sì fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn. Bàbá rẹ̀ náà, ọwọ́ òsì ló fi ń di hámà mú.

Nǹkan ńlá kan sì wà níwájú ọmọ yìí. Kí táàmù tó parí, ìgbìmọ̀ kan ń bọ̀ wá yan ọmọ kan ṣoṣo ní agbègbè wa, tí yóò lọ bá ẹgbẹ́ tẹ́níìsì àwọn ọ̀dọ́ ìpínlẹ̀. Wọn kì í mú ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀ ni Lateefah yóò pé e. Bí wọn kò bá mú un lẹ́ẹ̀kan yìí, ó parí nìyẹn.

Lateefah kúnlẹ̀, ó ní òun fẹ́ gbá a, ó dìde, ó gbá a. Bọ́ọ̀lù kọjá fìì. Olóyè di ojú, bí ẹni tí wọ́n sọ òkúta lù.

"Ọwọ́ wo nìyẹn?"

"Ọwọ́ mi ni, sà."

"Mo mọ̀ pé ọwọ́ ẹ ni, mi ò sọ pé o yá a. Èwo nínú méjèèjì?"

"Òsì ni, sà."

"Òsì!" Olóyè yíjú sí Pírínsípà, Pírínsípà náà sì gbọn orí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún. "Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ fi ọwọ́ òsì ju nǹkan sí àwọn àgbààgbà ìpínlẹ̀ yìí, níṣojú tèmi Adéríbigbé?"

"Sà, ọmọ bíi tèmi ni mo fẹ́ gbá a sí now. Àwọn àgbà kàn fẹ́ wòran ni."

"Òsì náà ni wọ́n máa wò! Bí bàbá ẹ bá na nǹkan sí ẹ, ṣé òsì lo fi ń gbà á? Ọ̀tún ni wàá fi gbá a láti òní lọ. Bó bá ti jẹ́ òsì, o ò ní gbá a rárá. Kóòṣì, àbí irọ́ ni mo pa?"

Fúnlọ́lá la ẹnu. Gbogbo ohun tó yẹ kó sọ wà lórí ahọ́n rẹ̀. Olóyè yìí kan náà ni yóò fọwọ́ sí ìwé tí yóò sọ ọ́ di tíṣà tó dúró gbọn-in, àgbà sì ni.

"Òótọ́ ni, sà," ló wí.

Ojú tì í bó ṣe ń sọ ọ́. Lateefah gbé rákẹ́ẹ̀tì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ó sì di í mú gán-án-gán-án.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ṣe wàhálà ọwọ́ ọ̀tún. Bọ́ọ̀lù tó ń gbá ìdérí ìgò tẹ́lẹ̀ kò dé àwọ̀n mọ́. Àwọn ọmọ yòókù náà ti di onírẹ̀lẹ̀ pátápátá: wọ́n á kúnlẹ̀, wọ́n á tẹrí ba, wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù fún ara wọn jẹ́jẹ́, gbígbá ẹyọ kan á sì gùn títí aago ìsinmi á fi lù láìsí ẹni tó jẹ àmì kankan. Olóyè rí i, omi ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ayé ò tíì rí irú rẹ̀ rí. Òótọ́ sì ni, ayé ò rí i rí.

"Àǹtí," ni Lateefah wí lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń kó bọ́ọ̀lù, "ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé kí n má bẹ̀rù ọwọ́ mi."

"Mo mọ̀."

"Ṣé ẹ máa bá Olóyè sọ̀rọ̀? Àbéègì, Àǹtí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ ń bọ̀ o."

"Mo máa bá wọn sọ ọ́," ni Fúnlọ́lá dáhùn.

Ó sì lọ lóòótọ́. Ọ́fíìsì Olóyè wà lórí àjà kejì nínú ilé kan nítòsí Ojú Ẹlẹ́gbà, níbi tí ariwo àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ti máa ń gba ojú fèrèsé wọlé. Ṣìmí, akọ̀wé rẹ̀, kọ́kọ́ là á lọ́yẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọlé.

"Ẹ kí i, ẹ kí i kú àga tuntun, lẹ́yìn náà ẹ wo fọ́tò tó wà lára ògiri kí ẹ sì pariwo. Bí ẹ ò bá pariwo, á bi yín bóyá ara yín ò yá. Ìgbà tẹ́ ẹ bá pariwo tán lẹ tó lè sọ ohun tó gbé yín wá."

Fọ́tò náà ga tó ìlẹ̀kùn. Olóyè ló wà níbẹ̀ tó gbé rákẹ́ẹ̀tì sókè, ojú rẹ̀ le koko. Èèyàn márùn-ún ti wà lórí ìjókòó níwájú Fúnlọ́lá, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láti wo fọ́tò náà kó sì pariwo. Ọkùnrin kan pariwo débi pé ó wúkọ́. Nígbà tó kan Fúnlọ́lá, ó ti ká ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí bí ọmọ tó fẹ́ ka àkọ́sórí.

"Ẹ káàsán, sà. Nípa ọwọ́ òsì Lateefah, sà..."

"Háà! O wá dúpẹ́!" Olóyè dìde, ó na ọwọ́ méjèèjì. "Mo sọ fún Ṣìmí pé ó máa wá. Mo ní ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ ni. Fúnlọ́lá, o rí i, ìwọ ni mo fi ń dán ara mi wò ní Ọjọ́bọ̀. Láìsí ìwọ, ǹ bá má mọ ibi tí agbára mi dé. Bí mo bá rántí bí o ṣe máa ń sa gbogbo ipá rẹ, tí mo ṣì ń jẹ ọ́, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Ojú rẹ̀ mọ́ kedere bó ṣe ń sọ ọ́. Kò sí ẹ̀tàn kankan níbẹ̀, inú ọkùnrin náà dùn ni. Fúnlọ́lá wò ó, ó sì rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ pé òun lòun fi ọwọ́ ara òun mọ ọkùnrin yìí, Ọjọ́bọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn.

"Ẹ ṣé, sà," ló wí. Ó sì wo fọ́tò, ó pariwo díẹ̀, ó jáde. Nígbà tó délẹ̀, ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó bú ara rẹ̀ dáadáa.

Ọjọ́ náà pé. Wọ́n ta kánópì, wọ́n to àga, ilé-ìwé kan sì kó ọmọ tirẹ̀ wá láti Ìlúpéjú. Ẹni tó ṣáájú ìgbìmọ̀ ni Màmá Abọ́sẹ̀dé, obìnrin kúkúrú kan tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, tó wọ ìgò ojú, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Abdulmuiz gbé páálí, ó ka orúkọ Olóyè, ó fo Amúlùúdùn Pápá, Olóyè kò dìde, ó tún un kà. Olóyè wá sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa tẹ́níìsì, nípa ọmọlúàbí, nípa ìgbà èwe tirẹ̀ tí kò sí ẹni tó lè bá a sáré. Ó ti tó ogójì ìṣẹ́jú kí Màmá Abọ́sẹ̀dé tó bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bóyá àwọn ọmọ máa gbá nǹkan lónìí.

Lateefah àti ọmọ Ìlúpéjú tó ń jẹ́ Glory ni wọ́n fi síwájú ara wọn. Fúnlọ́lá ló wà lórí àga gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n, òun ni yóò máa sọ èyí tó wọlé àti èyí tó jáde. Lateefah kúnlẹ̀.

"Mo fẹ́ gbá a o."

"Ẹ̀n?" ni Glory wí.

"O máa sọ pé, máa gbá a bọ̀."

"Ah-ah. Okay. Máa gbá a bọ̀."

Ó gbá a pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún, ó bọ́ sínú àwọ̀n. Ó tún kúnlẹ̀. Èyí tó fò kọjá, ó gbé e síbi tí ọwọ́ Glory tó, gẹ́gẹ́ bí òfin, Glory sì fi gbogbo ara gbá a lọ sí igun pápá, nítorí kò sẹ́ni tó ti ka òfin Olóyè fún wọn ní Ìlúpéjú. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ. Géèmù mẹ́fà ló ń gba sẹ́ẹ̀tì, Glory sì ti ní mẹ́rin, Lateefah kò ní ẹyọ kan. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ti ń dé bírò rẹ̀.

Eékún Lateefah ti pọ́n. Ó wá mu omi lábẹ́ àga gíga. Ó wo Fúnlọ́lá lójú, kò sì bẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìyẹn ló dun Fúnlọ́lá jù, pé ọmọ náà kò bẹ òun mọ́.

"Lateefah," ló wí jẹ́jẹ́. "Lo ọwọ́ ẹ."

"Èwo, Àǹtí?"

"Tìẹ."

Lateefah padà sẹ́yìn ìlà. Kò kúnlẹ̀. Ó gbé rákẹ́ẹ̀tì sí òsì, ó ju bọ́ọ̀lù sókè, ó dúró dè é. Nígbà tí Glory máa fi gbé ẹsẹ̀, bọ́ọ̀lù ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Èkejì náà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta, Glory rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ah! Ṣé èèyàn míì ni?" Gbogbo ọmọ ilé-ìwé dìde dúró. Lateefah gba géèmù kan, ó gba èkejì. Màmá Abọ́sẹ̀dé bọ́ ìgò ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ẹ dá eré dúró!"

Olóyè ló pariwo bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ o: ọmọ ilé-ìwé tirẹ̀ ló ti ń gba géèmù padà, níwájú ìgbìmọ̀, òun alára ló ní kí wọ́n dá a dúró. Ó ti sọ̀kalẹ̀ sórí pápá, agbádá rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn, Pírínsípà sì ń sáré tẹ̀ lé e pẹ̀lú tówẹ̀lì.

"Ẹ dárí jì wá, ẹ̀yin àlejò wa. Ọwọ́ òsì níwájú àgbà! Ọmọ yìí kò gba ẹ̀kọ́. Kí ẹ má baà rò pé bí a ṣe ń kọ́ wọn nìyí, èmi fúnra mi ni n ó fi sáàfù hàn yín, pẹ̀lú ọwọ́ tí Ọlọ́run fẹ́." Ó gba rákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ Lateefah, ó ká apá agbádá sórí èjìká.

"Sà," ni Glory pè láti òdì kejì, "ṣé kí n dá a padà?"

Olóyè rẹ́rìn-ín àánú. "Bó o bá rí i, ọmọ mi, dá a padà."

"Ẹ ò tíì sọ pé ẹ fẹ́ gbá a, sà."

Ẹ̀rín bú díẹ̀ lábẹ́ kánópì. Olóyè kò gbọ́ ọ, ó ti ju bọ́ọ̀lù sókè. Ó gbá a. Bọ́ọ̀lù náà fo àwọ̀n, ó fo Glory, ó balẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sẹ́yìn ìlà tó kẹ́yìn.

"Ó wọlé!" ni Pírínsípà kígbe. Àwọn tíṣà pàtẹ́wọ́. Olóyè yíjú sí kánópì, ó tẹrí ba díẹ̀.

"Ẹ dákẹ́ ná," ni Màmá Abọ́sẹ̀dé wí. Kò pariwo rárá. "Ìwọ Kóòṣì, ìwọ lo wà lórí àga yẹn. Ó wọlé ni, àbí ó jáde?"

Àtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró. Olóyè gbójú sókè wo Fúnlọ́lá, ó ń rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pátápátá. Kò sí ohun tó rọrùn fún Fúnlọ́lá tó kí ó sọ pé ó wọlé, ẹnu rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n fún ọdún kan ààbọ̀. Ó wo Lateefah tó dúró láìsí nǹkan lọ́wọ́.

"Ó jáde, mà."

"Kí lo wí?" ni Olóyè bi í.

"Ó jáde, sà."

"Tún un wò!"

Fúnlọ́lá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Ó rìn dé ibi tí bọ́ọ̀lù ti fi àmì sílẹ̀ nínú eruku, ó fi ìka ẹsẹ̀ tọ́ka sí i. "Ibí ló balẹ̀ sí, sà. Ìlà nìyẹn lọ́hùn-ún."

"Atẹ́gùn ni," ni Pírínsípà wí, "atẹ́gùn Ìlúpéjú ló..." Kò parí rẹ̀, nítorí ewé kan kò mì lọ́jọ́ náà.

Olóyè tún gbá a. Ó wọ inú àwọ̀n. Ó gbá ẹ̀kẹta, èyí sì wọlé lóòótọ́, bọ́ọ̀lù gidi, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti ń gbá a. Glory sì dá a padà, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, sí igun pápá. Olóyè sáré. Apá agbádá já bọ́ láti èjìká, ó bo rákẹ́ẹ̀tì, rákẹ́ẹ̀tì wé mọ́ agbádá, Olóyè yí po lẹ́ẹ̀kan, ó sì jókòó sílẹ̀ pẹ̀ẹ́ lórí pápá. Kò fara pa. Ó kàn jókòó síbẹ̀, ó ń wo ojú wọn níkọ̀ọ̀kan, ó ń dúró kí ẹnì kan pariwo pé ó wọlé. Pírínsípà Benjamin ti ń yẹ tówẹ̀lì ọwọ́ rẹ̀ wò bóyá ó dọ̀tí.

Fúnlọ́lá ló fà á dìde.

"Ta ló ní kí ọmọbìnrin yìí máa fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a?" ni Màmá Abọ́sẹ̀dé béèrè.

Gbogbo àwọn tíṣà wolẹ̀. Mo ní ẹ má pe Olóyè ní èèyàn burúkú. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọwọ́ sókè, eruku wà lára agbádá rẹ̀. "Èmi ni, mà."

Màmá kọ nǹkan kan sínú ìwé rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n máa gbá a lọ. Lateefah kò borí o, mi ò ní parọ́ fún yín. Géèmù mẹ́fà sí mẹ́rin ni Glory fi jẹ ẹ́, nítorí ó ti pẹ́ jù kó tó rí ọwọ́ rẹ̀ gbà padà. Ṣùgbọ́n orúkọ Lateefah ni wọ́n pè nígbẹ̀yìn. Bàbá rẹ̀ gun ògiri láti ẹ̀yìn ọgbà pẹ̀lú hámà lọ́wọ́, ó ń pariwo débi pé wọ́n ní láti bẹ̀ ẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n gbé Olóyè kúrò lórí àga Dàírẹ́kítọ̀. Ibi tí wọ́n ń kó kánópì àti àga pamọ́ sí ní Yaba ni wọ́n fi sí, kó máa bójú tó o. Wọ́n yọ fọ́tò ńlá kúrò lára ògiri, wọ́n fi ojú rẹ̀ kọ ògiri. Àwọn márùn-ún tó ń pariwo níwájú rẹ̀ ti rí òmíràn pariwo sí. Pírínsípà Benjamin sì ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, pé ọ̀wọ̀ ni kò jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí Lateefah ti lọ bá ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀, Fúnlọ́lá nìkan ló wà lórí pápá tó ń gbá ilẹ̀. Ó gbọ́ tí ẹnì kan wú ikọ́. Olóyè ló dúró ní ẹnu géètì, kò wọ agbádá, ṣòkòtò péńpé ló wọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju bí ẹnikẹ́ni ì bá ti rò lọ. Kò sí ẹni tó tẹ̀ lé e.

"Ẹ káàsán, sà."

"Fúnlọ́lá." Ó wo ilẹ̀, ó wò ó. "Gbogbo Ọjọ́bọ̀ yẹn. Ṣé bó ṣe rí lọ́jọ́ náà ló ti ń rí?"

Fúnlọ́lá kò fẹ́ dáhùn. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, sà."

"Kò wá sí ọ̀kan nínú yín tó lè sọ fún mi?" Ohùn rẹ̀ kò le. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

"A ń bọ̀wọ̀ fún yín ni, sà."

Ọkùnrin náà yíjú wo títì. Fúnlọ́lá rò pé yóò yí padà máa lọ, ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́, nítorí ó mọ iye ìgbà tí òun ti rẹ́rìn-ín sí i lójú. Ṣùgbọ́n Olóyè wọlé, ó mú rákẹ́ẹ̀tì kan nínú àpótí, ó rìn lọ sí òdì kejì àwọ̀n, ó tẹ orúnkún díẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń kọ́ àwọn ọmọ JSS1.

"Má bọ̀wọ̀ fún mi mọ́," ló wí. "Gbá a."

Fúnlọ́lá ju bọ́ọ̀lù sókè, ó dúró dè é, ó sì gbá a pẹ̀lú gbogbo ohun tó mọ̀. Olóyè kò tilẹ̀ rí ibi tó gbà kọjá.

"Ó wọlé?" ló béèrè.

"Ó wọlé, sà."

Ó mi orí, ó sì lọ he bọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀.